Ẹ̀gbẹ́ Wo Ni Kí N Dí?

Lẹ́tíbírìjì, ọjọ́ Sátidé. Afẹ́fẹ́ ìwọ̀-oòrùn ti dé,
ó ń gbá yìnyín onídọ̀tí kiri ojú títì,
ó ń mi fèrèsé ilé ìkàwé bí ẹni tó wá gba gbèsè.
Ìyá àgbà Hatsue bọ́ ìbọ̀wọ́, ó tẹ́ ẹ sórí ẹ̀rọ amúlégbóná,
ó ṣí ọpọ́n òkúta funfun.
Dúdú ni tèmi. Dúdú ló ń kọ́kọ́ ta.

Nílé wa, ọmọ ayò kì í jókòó.
A ó kó o, a ó fọ́n ọn ká, ojúlé dé ojúlé,
èyí tó sùn lọ́dọ̀ mi lè jí lọ́dọ̀ rẹ.
Òkúta Góò kò mọ ìrìn.
Ibi tí o bá gbé e sí, ibẹ̀ náà ni,
àfi bí wọ́n bá mú un.
Ìdí nìyí tí ọwọ́ mi fi ń wúwo.

Igun la ti ń bẹ̀rẹ̀.
Igun ní ògiri méjì tí ẹnikẹ́ni ò sanwó fún.
Mo ti ka ìwé, mo mọ̀ ọ́n lórí
bí a ti í ka ìlọ́po méje níwájú tíṣà ẹlẹ́gba:
bó bá ta síhìn-ín, dá a lóhùn lọ́hùn-ún;
bó bá gé ọ, má sá.
Igba ọ̀nà ló wà nínú ìwé náà,
gbogbo wọn ló tọ́,
kálukú gba tirẹ̀, kò sẹ́ni tó sunkún.

Mo gbé òkúta sójú ìràwọ̀.
Ó yọ́ wọlé lábẹ́ mi, níbi tí ìlà kẹta ti pàdé ìlà kẹta,
bí ìbátan tó gbé àpótí dé láìránṣẹ́ ṣáájú.
Yóò jẹ igun náà. Ìyẹn ti tán.
Èyí tó kù sí mi lọ́wọ́ ni kí n yàn:
ọ̀tún ni kí n dí, àbí òsì?
Ìwé ní méjèèjì dára.

Mo dí ọ̀tún. Ṣebí ọ̀tún la fi ń jẹun.

Kò rẹ́rìn-ín. Ó wo fèrèsé.
“Ọdún 1942 ni wọ́n kó àwọn òbí mi wá láti etíkun,
wọ́n ní kí wọ́n wá máa ro oko bíìtì. Wọn ò tíì bí mi.
Bàbá mi gbin igi mẹ́rìnlá kí ahéré wa lè ní ààbò.
Ó tò wọ́n gún régé, bí wọ́n ti ń tò ó níbi tó ti wá,
síhà ìlà-oòrùn.
Igi náà dára. Àwọn tó ń kọjá ń yìn ín.
Afẹ́fẹ́ gba ẹ̀yìn wọlé, ó gbé òrùlé lọ.”
Ó fi ìka kan pátákó.
“Ògiri rẹ dára. Kí ló ń ṣọ́?”

Mo wo ọ̀tún: funfun mẹ́ta ti fẹsẹ̀ múlẹ̀ síbẹ̀ tipẹ́.
Mo wo òsì: dúdú mi kan ṣoṣo lókèèrè,
ó ń retí ẹnìkejì,
pápá gbalasa láàrin wa.

Èmi náà ti tẹ̀lé ìwé rí.
Wọ́n ní: lọ sí Tòróńtò, kọ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì, yáwó, ra ilé.
Ọ̀nà tó tọ́ ni. Àbúrò mi Ìbídùn tọ̀ ọ́, ó sì bọ́ sí i fún un.
Èmi ti dé ìdajì rẹ̀
kí n tó bi ara mi léèrè ohun tí mo ní lápá ibẹ̀.

Òfin ò gbà kí n mú un padà.
“Lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, wo ìta kó o tó wo igun.
Lónìí, ta á lọ bó ṣe wà.”
A ta á lọ. Ó fi ojú mọ́kànlá nà mí.
Kọfí mi ti tutù.

Ní ibùdó bọ́ọ̀sì, mo wo àwọn igi títì,
gbogbo wọn ló tẹ̀ síhà kan náà, títí dé afárá rélùwéè.
Kí n tó mọ̀, mo ti kẹ̀yìn síbi tí afẹ́fẹ́ ti ń bọ̀.